Kí A Tó Lọ Jẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀

Ọ̀rọ̀ wa tòní kan àwọn tó ti ṣe ìrìbọmi nínú Ìjọ Àgùdà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe Àgùdà náà lè gbọ́ ọ, kò ní pa á lára.

Bí Ọdún Àjíǹde bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Èrò á tò lọ bí ìjàlọ. Láti ọdún 1215 ni Ìjọ ti pa á láṣẹ pé kí onígbàgbọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀pọ̀ wa sì ń dúró di ọjọ́ ìkẹyìn. Bó bá kan ẹnì kan, á wọlé, á kúnlẹ̀, á ní: "Fádà, n kò pa èèyàn, n kò jalè." Ó tán, ó dìde. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò jẹ́wọ́. Ńṣe ló ń yin ara rẹ̀.

Ilé ni ìjẹ́wọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ bẹ Ẹ̀mí Mímọ́ kó là yín lójú. Ẹ mú Òfin Mẹ́wàá, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi ara yín léèrè: igbá tí mo fi ń wọn gàrí, ṣé n kò lu ìdí rẹ̀ wọnú? Alágbàṣe tó bá mi kọ ebè, ṣé mo san owó rẹ̀ pé? Ohun tí mo sọ lódò nípa ìyàwó àbúrò mi, ṣé òótọ́ ni? Ìgbà wo ni mo ti bá ìyá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Ẹ̀ṣẹ̀ tara yín ni kí ẹ wá o. Àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ wọn ni wọ́n ń jẹ́wọ́. Bó bá dọ̀la, ọkọ á dé, á jẹ́wọ́ ti ìyàwó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí, ẹ lè kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kí ẹ má baà gbàgbé. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Bí ẹ bá ti jẹ́wọ́ tán, ẹ jù ú síná. Ọmọ yín tó ń lọ sílé ìwé mọ̀ ọ́n kà!

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ẹ jẹ́ ká ní ọkùnrin kan wà, tí oko rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ pààlà. Pèrègún ni baba wọn gbìn sáàárín. Àbúrò lọ ṣiṣẹ́ ní Kùtọnù. Kó tó padà, pèrègún ti rìn. Ó ti wọ inú oko àbúrò tó ebè mẹ́wàá. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n fi ń gbin àgbàdo síbẹ̀. Ó wá lọ sọ fún àlùfáà pé òun jalè. Ṣé ó ti tán?

Kò tán. Ó gbọ́dọ̀ pinnu lọ́kàn rẹ̀ láti dá ilẹ̀ náà padà. Bí kò bá pinnu, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló sọ, ìdáríjì kò sì lè ràn án lọ́wọ́. Amòòkùn jalè, bí ọba ayé kò rí i, tọ̀run ń wò ó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kó lọ kígbe láàrin ọjà. Kó bi àlùfáà bí òun yóò ṣe ṣe é. Ó lè pe àbúrò rẹ̀ lọ sóko, àwọn méjì péré, kí wọ́n jọ gbin pèrègún náà sí ipò rẹ̀. Àgbàdo ọdún mẹ́ta ńkọ́? Kó máa san án díẹ̀díẹ̀, bí agbára rẹ̀ bá ti mọ.

Ẹni tó fi igbá èké ta gàrí, tí kò mọ àwọn tó rà á mọ́, kó fi owó náà fún aláìní, kó sì wá igbá mìíràn. Ti ẹni tó ba èèyàn lórúkọ jẹ́ ló ṣòro jù lójú tèmi. Ó ní láti padà sọ́dọ̀ àwọn tó gbọ́ ọ, kó ní irọ́ ni òun pa.

Ìtìjú ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Wọ́n ń rò pé àlùfáà yóò sọ ọ́. Kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ọba, tàbí adájọ́, tàbí bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pàápàá. Bó bá tú àṣírí ẹni tó jẹ́wọ́, Ìjọ yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ nìyẹn. Bí àlùfáà yín kò bá sì gbọ́ èdè wa, òfin Ìjọ gbà kí ẹ mú ògbufọ̀ tí ẹ fọkàn tán. Ògbufọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ tú u.

Àlùfáà kan wà ní ilẹ̀ Faransé, Jean-Marie Vianney. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ó ti dàgbà kó tó jókòó ti ìwé dáadáa, èdè Látìnì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́gun rẹ̀. Abúlé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ars ni wọ́n rán an lọ ní 1818. Títí ó fi kú ní 1859 ni àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé wákàtí mẹ́rìndínlógún ló fi ń gbọ́ wọn. Ẹ ò ní mú ẹ̀ṣẹ̀ kan lọ tí irú rẹ̀ kò dé etí àlùfáà rí.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àlùfáà, ẹ ṣe àmì àgbélébùú. Ẹ sọ ìgbà tí ẹ jẹ́wọ́ kẹ́yìn. Ẹ sọ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá yín àti iye ìgbà tí ẹ dá a. Ẹ má ṣe pọ́n ọn, ẹ má fi ọ̀kan pamọ́. Ẹ sọ fún Ọlọ́run ní èdè tiyín pé ó dùn yín. Àdúrà tàbí iṣẹ́ tí àlùfáà bá ní kí ẹ ṣe, ẹ ṣe é lọ́jọ́ náà kí ẹ má baà gbàgbé. Bí ilẹ̀ àbúrò bá sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀nà oko kí ẹ tó gba ilé.