Ààbò Ẹnu Ọ̀nà Ìsọ̀ Kékeré

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí ni ti ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ kékeré, àti bí olówò tí kò ní owó púpọ̀ lọ́wọ́ ṣe lè dáàbò bò ó.

Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kì í ti í rí ìsọ̀ kéékèèké lẹ́bàá ọ̀nà. Nínú ọ̀kan, ọṣẹ, iyọ̀ àti ṣúgà ni a ó bá. Nínú èkejì, aṣọ. Nínú ẹ̀kẹta, ìṣó àti ọ̀dà. Bí ọjà náà tilẹ̀ kéré lójú ẹni tí ń kọjá lọ, ó lè jẹ́ gbogbo ohun tí olówò náà ní láyé. Owó èsúsú ni òmíràn fi bẹ̀rẹ̀, owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sì ni òmíràn fi kún un. Bí olè bá kó irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ ní òru ọjọ́ kan, ọjà yóò lọ, ṣùgbọ́n gbèsè kò ní bá a lọ. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ yóò dúró, ẹni tí ń tajà lánàá yóò sì di ẹni tí ń tọrọ.

Àwọn àgbà wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ olówò ni láti mọ ibi tí ògiri ìsọ̀ rẹ̀ ti lanu. Kí a sì sọ òótọ́, kò sí ilẹ̀kùn kan láyé tí a kò lè fọ́ bí àyè bá wà. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni olè kórìíra: kí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́, àti kí ó pariwo. Ilẹ̀kùn tí ó bá lè mú kí ó pẹ́, tí ó sì lè mú kí ó pariwo, ti ṣe ojúṣe rẹ̀.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé olówò a máa ra àgádágodo ńlá, a sì máa fi í kọ́ ara irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìṣó kéékèèké méjì dì mú. Olè kò ní fọwọ́ kan àgádágodo náà rárá. Yóò ki ọ̀pá irin bọ abẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, yóò sì fà á yọ pẹ̀lú ìṣó rẹ̀. Nítorí náà, kí á tó sọ̀rọ̀ àgádágodo, ó tọ́ kí á wo ohun tí ó gbé e dúró.

Férémù ni ó ṣáájú. Kí olówò di férémù ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, kí ó sì mì í dáradára. Bí ó bá ń mì, tàbí bí àlàfo bá wà láàárín rẹ̀ àti ògiri, ilẹ̀kùn tí ó dára jù kò wúlò níbẹ̀. Ní ara ògiri amọ̀, òjò a máa fọ ẹ̀gbẹ́ férémù títí yóò fi dá dúró. Kí bíríkìlà gbẹ́ ògiri náà díẹ̀, kí ó fi ọ̀pá irin kúkúrú mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lára férémù, kí orí rẹ̀ sì wọ inú ògiri, kí ó wá fi sìmẹ́ńtì dí i. Ikán pẹ̀lú jẹ́ ọ̀tá férémù. Igi líle bí ìrókò àti apá kì í tètè jẹ fún un, ṣùgbọ́n igi rírọ̀ gbọ́dọ̀ mu oògùn ikán dáradára kí á tó rì í mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni híńjì. Ilẹ̀kùn tí híńjì mẹ́ta gbé dúró le ju èyí tí ó ní méjì lọ. Súkúrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó íǹṣì 2 tàbí 3, kí ó lè wọ inú igi férémù ṣinṣin. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ìsọ̀ ni ó ń ṣí sí ìta, híńjì wọn a sì wà ní gbangba. Olè lè lu ọ̀pá inú híńjì náà yọ, kí ó sì gbé ilẹ̀kùn kúrò láìfọwọ́ kan àgádágodo. Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Kí káfíńtà kan ìṣó nípọnnípọn méjì mọ́ etí ilẹ̀kùn ní ìhà híńjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ó gé orí wọn, kí ó sì jẹ́ kí nǹkan bí ààbọ̀ íǹṣì yọ síta. Lẹ́yìn náà, kí ó lu ihò sí ara férémù ní ọ̀gángán wọn. Nígbàkígbà tí a bá ti ilẹ̀kùn, àwọn ìṣó náà yóò wọ inú ihò wọn, bí híńjì tilẹ̀ ṣí, ilẹ̀kùn kò ní kúrò níbẹ̀.

Nígbà náà ni a ó tó dé orí àgádágodo. Irin tí a ń fi í kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí yóò bo orí ìdè rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá pa á dé. Dípò ìṣó, bóòtì tí ó la ilẹ̀kùn já ni kí á lò, kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà nínú, kí á sì fi òòlù lu ẹnu bóòtì náà pẹlẹbẹ kí ó má baà ṣeé tú. Ọrùn àgádágodo gbọ́dọ̀ nípọn, kí ó sì kúrú, nítorí ọrùn gígùn a máa fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀pá irin olè. Àgádágodo méjì tí ó mọ níwọ̀n, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, sàn ju ẹyọ ńlá kan ní àárín lọ. Nínú ọ̀pọ̀ àgádágodo òde òní, eyín kọ́kọ́rọ́ ni ó ń gbé àwọn irin wẹ́wẹ́ sókè dé ìwọ̀n wọn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí Linus Yale, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbà ṣe é ní 1861. Bí irin wẹ́wẹ́ náà kò bá pọ̀ tó, kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn lè ṣí i. Nítorí náà, kí olùrajà fi kọ́kọ́rọ́ mìíràn dán an wò lórí àtẹ kí ó tó sanwó. Kí ó gé rọ́bà táyà àtijọ́ bo orí rẹ̀ nítorí òjò. Kí ó má sì ṣe da epo pupa sínú rẹ̀, nítorí epo náà yóò kó eruku jọ, yóò sì dì. Lúúlúú inú pẹ́ńsù tí a fi pa kọ́kọ́rọ́ lára tó láti mú un yọ̀.

Ọ̀pá ìdábùú tí àwọn baba wa ń lò lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò tíì di ohun ìgbàgbé. Ìsọ̀ tí ó bá ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lè fi í dábùú ti iwájú láti inú. Ìsọ̀ onílẹ̀kùn kan lè fi irin pẹlẹbẹ dábùú láti ìta, kí àgádágodo sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ lè fi àjákù irin rọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ti ọmọ ènìyàn pẹ̀lú. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Kí olówò mọ iye kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti ẹni tí ó ń mú un lọ́wọ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá kúrò, kí ó pààrọ̀ àgádágodo, láìka bí ìwà ọmọ náà ti dára tó sí. Kí owó ọjà má sùn ní ìsọ̀. Kí ó ro igbó ẹnu ọ̀nà, kí ó sì tan iná síta. Iná kékeré tí ń gba agbára oòrùn lè ṣe é. Kí àwọn alábàágbé ọjà dáwó jọ fún ọdẹ òru kan, kí wọ́n sì mọ bí a ti ń ké sí ọlọ́pàá tàbí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìjọba ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 2020.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta ni ó kù, wọ́n sì ṣe pàtàkì ju gbogbo irin lọ. Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ọmọ iṣẹ́ mọ́ inú ìsọ̀ láti ìta kí ó máa ṣọ́ ọjà lóru. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, kò sí ibi tí yóò gbà jáde, kò sì sí ọjà tí ó tó ẹ̀mí ọmọ ènìyàn. Ẹni tí ó bá ń sùn nínú ìsọ̀ gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe so wáyà iná mànàmáná mọ́ ilẹ̀kùn, kí ó má sì ṣe dẹ pàkúté tàbí ìbọn síbẹ̀. Òfin kò fàyè gbà á, ọmọ aládùúgbò tí ó sá wá yà fún òjò ni ó sì lè pa. Ẹ̀kẹta, bí ọwọ́ bá tẹ olè, àgọ́ ọlọ́pàá ni ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá lù ú pa ti di apànìyàn.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé gbogbo iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan náà lè tò ó báyìí: kí ó tún férémù ṣe ní oṣù kìíní, kí ó kan ìṣó méjèèjì ní ìhà híńjì, kí ó fi bóòtì rọ́pò ìṣó ní oṣù kejì, kí ó tó wá ra àgádágodo. Àmọ́ mímì tí a ó mi férémù wò kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí olówò kọ̀ọ̀kan ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí ó tó ti ìsọ̀ rẹ̀ lọ sílé.