Ọmọ Ọlọ́mọ Ni Àwọn Tó Ń Bọ̀ Wá Bá Wa Ṣiṣẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́)

Ọ̀rọ̀ mi ò ní gùn.

Ẹ mọ̀ pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan máa ń yọ̀ǹda òṣìṣẹ́ wọn fún ọjọ́ kan láti ṣiṣẹ́ ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á kun ilé ìwé lọ́dà, wọ́n á gbin igi, wọ́n á kó gọ́tà. Àwọn ọmọ wa tó wà níbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe é nílùú wa.” Ó dáa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n. Bí ẹnì kan bá já bọ́ lórí àkàbà, a ò lè sọ pé ilé iṣẹ́ ẹ̀ ló mọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló ti ṣẹlẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìwé. Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san, ó kéré tán, náírà 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ sínú àpò tí NSITF ń bójú tó, kí wọ́n lè fi ran ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ “lẹ́nu iṣẹ́” yẹn dáadáa o. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣèṣe lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Sátidé, ẹnì kan lè dìde pé fàájì ló bá lọ. Torí náà, kí ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: àwọn ló rán wọn, orúkọ wọn rèé, àwọn ló máa gbé owó ìtọ́jú. Bí wọn ò bá tíì kọ ọ́, ká dúró ná.

Èkejì, ká lọ yẹ ibẹ̀ wò kí wọ́n tó dé. Àwa la mọ kànga tí koríko bò, ògiri tó fẹ́ wó, wáyà iná tó rọ̀ sílẹ̀, ibi tí ejò máa ń wà. Ká fi àmì síbẹ̀. Igò àti irin wà nínú gọ́tà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láìsí bọ́ọ̀tù àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Ẹni tó bá gbọgbẹ́ níbẹ̀, ká fọ̀ ọ́, ká gbé e lọ ilé ìwòsàn, kí wọ́n wò ó bóyá ó nílò abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Torí náà, ká ti béèrè ṣáájú: ṣé nọ́ọ̀sì máa wà ní ibùdó ìlera wa lọ́jọ́ náà? Ẹni tí kì í gun àkàbà, kó má tìtorí fọ́tò gùn ún. Aboyún tàbí ẹni tí ara ẹ̀ ò le lè máa kọ orúkọ, kó máa pín omi.

Ẹ̀kẹta kan gbogbo wa tó wà lórí WhatsApp. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àkókò tí ọkọ̀ wọn ń bọ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà sórí gúrúùpù. Ẹ ṣáà mọ bí ọ̀nà ṣe rí lásìkò yìí. Tí wọ́n bá ti délé láyọ̀, ẹ fi gbogbo fọ́tò sí i. Ká bẹ̀rẹ̀ láago 7 àárọ̀, kí oòrùn tó mú, kí wọ́n sì kúrò nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́. Nọ́ńbà 112 wà fún pàjáwìrì, 122 sì ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Ìkẹyìn, ká kọ orúkọ wọn láàárọ̀, ká kà wọ́n kí ọkọ̀ tó gbéra. Ká sì yan ẹnì kan tó láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró. Bí ààrá bá ń sán, tó ní ó tó, ó tó nìyẹn, bí àwọn èèyàn ńlá ò bá tiẹ̀ tíì ya fọ́tò.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mo bẹ ìpàdé yìí kó fọwọ́ sí i lónìí pé a ò ní gba àlejò kankan fún iṣẹ́ ìlú láìsí ìwé, láìyẹ ibẹ̀ wò, láìyan ẹni tó máa bójú tó ààbò. Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ ti ṣe tán láti lọ yẹ ibẹ̀ wò.

Ẹ̀rín la fi gbà wọ́n, ẹ̀rín la ó fi sìn wọ́n lọ. Ìlú wa á tòrò o.