Ẹ Má Fi Wíìlì Kọ́fà Bo Nọ́ọ̀tì Tó Tú Mọ́lẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, n kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n bí mo ti rí i tí ọkọ̀ àgbà kún inú ọgbà lónìí, mo ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a máa ń fojú kéré: wíìlì kọ́fà tó ń mì, tàbí tó ń já bọ́ sójú títì.

Láti 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ l'Ékòó, tí wọ́n sì ń to Peugeot ní Kàdúná. Irin ni kọ́fà ayé ìgbà náà. Ti Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, irin pẹlẹbẹ kéékèèké tó wà lára wíìlì ló ń dì í mú. Bí irin yìí bá rọ̀, tàbí tó dípẹtà, kọ́fà ò ní dúró. Ẹ ha ìpẹtà náà kúrò, kí ẹ fi páláyà fa irin náà síta díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o! Bó bá kán, ó di ọ̀dọ̀ ajórin nìyẹn. Bí ẹnu kọ́fà bá tẹ̀, ẹ gbé e lé pákó, kí ẹ fi hámà kékeré lù ú jẹ́jẹ́.

Ọ̀tọ̀ ni ti oníke. Wáyà roboto ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ti ẹsẹ̀ kọ́fà náà mọ́ wíìlì. Ẹ wò ó bóyá wáyà ti yẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ kan ti kán. Ẹ jẹ́ kí àyè tí wọ́n gé sí i bọ́ sí ibi tí à ń ti fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Ẹ sì wo nọ́ńbà ara táyà: bó bá jẹ́ 175/70 R13, kọ́fà 13 ni kí ẹ rà, ti 14 ò lè bá a mu. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi tì í wọlé yípo, ẹ má fẹsẹ̀ gbá a bíi bọ́ọ̀lù.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Kí ẹ tó dá kọ́fà padà, ẹ fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì wò. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lè má jẹ́ ti kọ́fà rárá. Nọ́ọ̀tì tó tú tó bọ́ sínú rẹ̀ ló lè máa ké. Kọ́fà tó dán gbinrin lè bo ewu mọ́lẹ̀ títí wíìlì á fi yọ lórí eré. Ẹ fún nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọra, ẹ má fún wọn tẹ̀lé ara wọn. Bí fọkanáísà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú táyà, ẹ tún wọn fún bí ẹ bá ti rìn tó kìlómítà 80. Àwọn kan tún máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ kọ́fà mọ́ wíìlì. Bí táyà bá jò lóru lójú ọ̀nà Ìbàdàn ńkọ́, báwo ni wọ́n á ṣe rí nọ́ọ̀tì tú?

Kékeré la ti í pẹ̀kan ìrókò. Kí ẹ tó ṣíná sí ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn tó ń retí wa nílé, àwa ni wọ́n ń retí, kì í ṣe kọ́fà.