Irọ́ Ogún Ọdún, Òtítọ́ Ọjọ́ Kan: Bí Àhesọ Ṣe Ń Gbòde Lórí Ayélujára

Àwọn tó ní kí n wá sọ̀rọ̀ ní wákàtí kan péré ni tèmi, wọ́n sì ti gbé aago síwájú mi kí n má baà sọ pé n kò mọ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Gbogbo ìgbà tí àhesọ bá gba ìlú kan ni a máa ń fi òwe yìí tu ara wa nínú. Èmi wá láti sọ pé ìtùnú yẹn kò tó wa mọ́. Ẹni tí irọ́ ti pa kí òtítọ́ tó bá irọ́, kí ni òtítọ́ fẹ́ wí fún un?

Ìtumọ̀, ní kíákíá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí kì í ṣe ẹni tí à ń to ìtumọ̀ fún. Àhesọ ni ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu dé ẹnu tí ẹnikẹ́ni kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀; ó lè já sí òótọ́, ó sì lè já sí irọ́. Ìròyìn òfegè ni èyí tí ẹni tó gbé e jáde ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tó gbòde ni èyí tí Twitter, tí wọ́n sọ di X ní ọdún 2023, bá kó síwájú wa pé òun ni aráyé ń sọ lọ́wọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a máa wọnú ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ju báyìí lọ, kó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé.

Iyọ̀ oṣù kẹjọ

Ní 20 oṣù keje ọdún 2014, Patrick Sawyer ti orílẹ̀-èdè Làìbéríà gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Èkó pẹ̀lú àìsàn Ebola lára. Ó kú ní ilé ìwòsàn kan ní Ọbáléndé ní 25 oṣù náà. Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ti dáṣẹ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Àìsàn tó dé kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì ní oògùn tí ènìyàn lè rà. Ní 8 oṣù kẹjọ, Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo ayé. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde ti Nàìjíríà.

Òru tí ilẹ̀ fi mọ́ bá ìkéde wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ iyọ̀ jáde. Ẹ po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, ẹ fi wẹ̀, ẹ mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì pe gbogbo ará ilé yín. Ó gba orí àtẹ̀jíṣẹ́, ó gba orí BlackBerry, ó gba orí WhatsApp àti Facebook àti Twitter, kò sì yọ ìlú kankan sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan pè mí láàjìn. Kò kí mi, kò béèrè ọmọ. Ó ní, "Ṣé o ti wẹ̀?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, ta ló sọ fún yín?" Ó ní ọmọ òun tó wà ní Kàdúná ló pè; ọmọ ọ̀hún gbọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀; ìyàwó rí i lórí fóònù, akọrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló fi ránṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé aláìmọ̀kan ni màmá yìí o. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì ni, òun ló sì kọ́ mi ní ìṣirò tí mo fi wọ ilé ìwé gíga. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má mu ún. Ó ní bó bá jẹ́ irọ́, kí ni wíwẹ̀ fi ṣe òun? Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òótọ́ tí òun kò sì pe èmi, báwo ni òun yóò ṣe fi ojú kan ìyá mi lọ́run?

Mo fẹ́ kí ẹ gbé èsì yẹn yẹ̀ wò dáadáa, nítorí gbogbo ìwé tí mo kà lórí àhesọ, kò sí èyí tó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Màmá kò sọ pé òun gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ohun tó sọ ni pé òun kò lè dákẹ́ lórí rẹ̀. Ìfẹ́ ló fi pè mí, ìfẹ́ náà ni wọ́n fi pe òun.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n lò. Iyọ̀! Kò sí ilé ìdáná tí kò sí. Owó kékeré là ń rà á. Òun la fi ń sọ ọmọ lórúkọ, òun la fi ń ṣàdúrà kí ayé ọmọ dùn. Ta ni yóò fura sí iyọ̀? Wọ́n sì fi gbèdéke sí i: kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rọ̀ tó ní gbèdéke kì í jẹ́ kí a wádìí, nítorí ibi tí a ó ti wádìí kò tíì ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, iyọ̀ ti wọ inú. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde pé ènìyàn méjì kú ní Ìpínlẹ̀ Plateau, nǹkan bí 20 sì dèrò ilé ìwòsàn, nítorí iyọ̀ àmujù. Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé ní láti bọ́ sórí Twitter kan náà láti wí pé irọ́ ni.

Iyọ̀ nìkan kọ́. Lọ́dún náà, Sunday Oyeyemi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ àbọ̀ ìwádìí sínú ìwé àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní BMJ. Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n yẹ̀ wò, lórí ohun tí àwọn èèyàn Gíní, Làìbéríà àti Nàìjíríà kọ sí Twitter nípa dídènà Ebola tàbí wíwò ó sàn. Nínú ọ̀rọ̀ tó ju 500 lọ, ó ju ìdajì lọ tí kò tọ̀nà. Àwọn tí irọ́ lè dé ojú wọn tó nǹkan bí mílíọ̀nù 15. Àwọn tí òótọ́ lè dé ọ̀dọ̀ wọn kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 6 lọ. Ṣé ẹ mọ ọ̀kan nínú oògùn tí wọ́n dárúkọ jù? Ewédú. Ewédú tí a ó jẹ lálẹ́ yìí!

Ìjà tí kò tíì parí

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń fa ọ̀rọ̀ lórí ibi tí àhesọ ti ń wá, àwọn míì nínú wọn sì wà níwájú mi báyìí. Wọ́n ní àìmọ̀wé ló ń bí àhesọ. Wọ́n ní kí a ṣáà kọ́ àwọn ará ìlú níwèé, yóò tán.

Ibi tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni ìwé tí Gordon Allport àti Leo Postman ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1947. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì yìí fi àwòrán han ẹnì kan, onítọ̀hún ṣàlàyé fún ẹlòmíràn tí kò rí i, ìyẹn náà sọ fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu karùn-ún tàbí ẹkẹfà, nǹkan bí 70 nínú 100 àlàyé ti jábọ́. Nínú àwòrán kan, òyìnbó ló mú abẹ lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri, abẹ bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn dúdú. Ìwádìí ńlá ni, mo sì ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ṣùgbọ́n inú yàrá ìwádìí ni. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó ń rò pé ọmọ òun lè kú. Àti pé lórí fóònù, kò sí ohun tó ń jábọ́ mọ́: bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló ṣe ń lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ń fi orúkọ kún un. Ọ̀rọ̀ tí kò ní baba lálẹ́ ti di ti mínísítà láàárọ̀.

Ẹni tí èmi tẹ̀ lé ni Tamotsu Shibutani. Ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ìran Jàpáánì ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà kó irú wọn sí àgọ́, òun náà sì wà níbẹ̀. Ó rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láàárín àwọn tí kò mọ ohun tí ìjọba fẹ́ fi wọ́n ṣe lọ́la. Nínú ìwé tó ṣe lọ́dún 1966, ó ní nígbà tí ohun tí ènìyàn nílò láti mọ̀ bá ju ohun tí àwọn aláṣẹ ń sọ lọ, àwọn ènìyàn yóò pa orí pọ̀, wọn yóò wá àlàyé fúnra wọn. Àròjinlẹ̀ àwọn tí ẹ̀rù ń bà ni àhesọ, kì í ṣe ti òmùgọ̀.

Bí ó bá jẹ́ àìmọ̀wé ni, ẹ ṣàlàyé èyí fún mi. Ní 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, àwọn kan já wọ ojú ìwé Twitter ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nǹkan bú gbàù ní White House, pé Barack Obama fara pa. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ọjà ìpín ìdókòwò New York já wálẹ̀ wìì. Òǹkà Dow Jones fi ohun tó ju 100 lọ sílẹ̀ kó tó gbérí padà. Ṣé àwọn ọlọ́jà New York náà kò kàwé ni?

Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ènìyàn ló ń tan irọ́ kálẹ̀. Àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Soroush Vosoughi, Deb Roy àti Sinan Aral, ti dáhùn ìyẹn ní oṣù kẹta ọdún 2018. Wọ́n tọpa nǹkan bí 126,000 ìtàn tó rìn lórí Twitter láàárín 2006 sí 2017. Òótọ́ lo nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà àkókò tí irọ́ lò kó tó dé ọ̀dọ̀ 1,500 ènìyàn. Nígbà tí wọ́n yọ àwọn ẹ̀rọ kúrò, irọ́ ṣì ń sáré ju òótọ́ lọ. Àwa ènìyàn ni. Irọ́ máa ń jẹ́ tuntun létí, ó máa ń yani lẹ́nu. Àwọn àgbà tó ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, ti wí i kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó kà á.

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ yín. Nínú àwùjọ WhatsApp wa, ta ló máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láago márùn-ún ìdájí, tí yóò kọ "bí mo ṣe rí i gbà" sí i nísàlẹ̀? Ṣé ẹni tó gba owó ayédèrú tó sì ná an ní òun náà bọ́ nínú ẹ̀bi nítorí pé bí òun ṣe rí i gbà nìyẹn? Nígbà tí mo wà ní ọmọ ilé ìwé, bí o bá mú ìròyìn wálé, bàbá mi yóò béèrè pé ojú rẹ ni àbí etí rẹ. Bó bá jẹ́ etí, wàá padà lọ wádìí.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń yan ọ̀rọ̀ tó gbòde

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí, n ó gé e kúrú. Ẹ̀rọ tó ń yan ọ̀rọ̀ fún Twitter kì í wo iye ènìyàn tó ń sọ ọ̀rọ̀ nìkan. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣàdédé gbéra ló ń wò jù. Ẹni tó ń lùlù lójoojúmọ́ kò ní pe àfiyèsí tó ẹni tó fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan láàjìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kéréje tó bá pa ẹnu pọ̀ lè mú ọ̀rọ̀ kan gbòde. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, BBC gbé e jáde pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú wa ń sanwó ní ìkọ̀kọ̀ fún àwọn gbajúmọ̀ ayélujára nítorí ìdìbò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ rí pé ó gbòde, wọ́n lè ti ra ọ̀nà fún un.

Ìdákẹ́jẹ́

Ẹ wo ohun tí ìdákẹ́jẹ́ àwọn aláṣẹ lè bí: lọ́dún 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari lo ju 100 ọjọ́ lọ ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí àìsàn, wọn kò sì sọ irú àìsàn tó jẹ́ fún wa. Àhesọ jáde pé ó ti kú, pé ará Sudan kan ló jókòó sípò rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ní ìlú Kraków ní Poland, olórí orílẹ̀-èdè dúró láàárín èrò, ó ń fi dá wọn lójú pé òun gan-an ni òun jẹ́. Shibutani ì bá rẹ́rìn-ín.

Kí la ó ṣe?

WhatsApp ti dín iye ènìyàn tàbí àwùjọ tí a lè fi ọ̀rọ̀ kan tí a rí gbà ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan kù sí márùn-ún láti ọdún 2019. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tó lé Ebola kúrò ní Nàìjíríà ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọ àwọn 894 tó fara kan aláìsàn lọ, wọ́n kanlẹ̀kùn ní nǹkan bí ìgbà 18,500, wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ òótọ́. Ní 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé kéde pé a ti bọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ tètè sọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́ ní èdè tí à ń sọ nílé, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ kò tíì mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ̀yin dókítà, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó dáhùn. Àti ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ máa pe ara yín lọ, ẹ má jáwọ́ nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pe ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó mọ̀.