Ìgbẹ́ Ẹlẹ́jẹ̀ Kì í Ṣe Ohun Ìtìjú

Ẹ̀yin ará wa ní Adja-Ouèrè, ẹ̀yin ará Ikpinlè, Massè, Oko-Akaré àti gbogbo abúlé tó yí wa ká, ẹ gbọ́ o. Ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ kà á sókè fún ẹlòmíràn nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ inú ni a fẹ́ sọ lónìí. Àwọn àgbà ní, "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run." Ohun tí à ń gbé mì lè mú wa lára dá, ó sì lè pa wá lára.

Ká sọ pé obìnrin kan wà ní abúlé yín tó ń ṣe epo tà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí inú ti ń run ún. Ó ń yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ àti ikun ń bá ìgbẹ́ náà jáde. Ojú ń tì í, kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó yéé jẹ nǹkan dídùn, kó máa mu àgbo. Ó mu àgbo. Ó tún ra kápúsù aláwọ̀ méjì lọ́jà. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ó ti rù, aṣọ rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ. Kí ni kí obìnrin yìí ṣe?

Kí ló ń fa ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́?

Ohun tó ń fà á pọ̀. Lọ́dọ̀ wa, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kòkòrò àrùn tó ń bá omi ìdọ̀tí wọlé, tàbí ọwọ́ tí a kò fọ̀, tàbí oúnjẹ tí eṣinṣin bà lé. Oògùn rẹ̀ wà. Ìdí yíyọ lè mú ẹ̀jẹ̀ jáde. Jẹjẹrẹ ìfun náà lè mú un wá.

Ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì gbọ́ rí. Nínú àìsàn yìí, ìfun á wú, á pọ́n, á sì dá egbò. Ara wa ní àwọn ọmọ ogun tó ń bá àrùn jà. Àwọn ọmọ ogun náà ló ṣìnà, tí wọ́n dojú ìjà kọ ìfun fúnra rẹ̀. Bí ọdẹ tí a gbà láti ṣọ́ ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu àwọn ọmọ onílé, ṣé ilé náà lè tòrò? Àìsàn yìí lè rọlẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kó tún padà wá.

Oríṣi méjì ló wà. Samuel Wilks, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa àkọ́kọ́ ní 1859. Ìfun ńlá ni èyí máa ń bà jẹ́. Ní 1932, Burrill Crohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní New York kọ̀wé nípa èkejì. Èyí lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ìdí. Wọ́n ń pè é ní àrùn Crohn.

Àwọn kan máa ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Lóòótọ́, ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣọ̀wọ́n kì í ṣe ohun tí kò sí. Ní 2012, àwọn dókítà kọ̀wé nípa àwọn tí àìsàn yìí mú, tí wọ́n tọ́jú ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù Nàìjíríà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Nàìjíríà kò jìnnà sí wa.

Kí ni oúnjẹ ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀?

Nínú ìfun wa, àwọn kòkòrò kéékèèké ń gbé tí ojú lásán kò lè rí. Ọ̀pọ̀ wọn ni ọ̀rẹ́ wa. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún wa. Wọ́n fẹ́ràn ohun kan tó wà nínú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso àti èèpo àgbàdo. Ohun náà dà bí okùn tín-ín-rín. Ikùn wa kò lè lọ̀ ọ́. Àwọn kòkòrò rere yìí ló ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń fi ṣe ohun tó ń bọ́ ara ìfun, tó sì ń pẹ̀tù sí wíwú rẹ̀.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ kọ̀wé nípa àwọn ọmọdé ní Boulpon, abúlé kan ní Burkina Faso, orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà ní àríwá. Ọkà bàbà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni àwọn ọmọ náà ń jẹ. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ ìlú Florence ní Ítálì. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ okùn oúnjẹ pọ̀ gan-an nínú àwọn ọmọ Boulpon ju ti Florence lọ. Àwọn kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru sì kéré nínú wọn.

Ní 2015, wọ́n gbé ìwádìí mìíràn jáde. Àwọn dúdú 20 láti Amẹ́ríkà àti àwọn ará abúlé 20 ní Gúúsù Áfíríkà pààrọ̀ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ 2. Àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ oúnjẹ abúlé. Àwọn ará abúlé jẹ ẹran ọlọ́ràá àti oúnjẹ Amẹ́ríkà. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 péré, ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ti àwọn ará abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ ò rí i bí nǹkan ṣe yá tó!

Nítorí náà, ẹ má ṣe fojú kéré oúnjẹ ilé. Ẹ̀wà, ewédú, tẹ̀tẹ̀, gbúre, ilá, ìbẹ́pẹ àti ọsàn, gbogbo wọn ló ń bọ́ kòkòrò rere. Bí a bá sẹ́ ògì, èèrí tí à ń dà fún ẹran ọ̀sìn ló kó okùn oúnjẹ lọ. A kò ní kí ẹ má jẹ ẹ̀kọ. Ẹ fi ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kún un ni. Búrẹ́dì funfun àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò lè rọ́pò wọn.

Ẹ ṣọ́ra o

Oúnjẹ rere kì í ṣe oògùn fún ìfun tó ti dá egbò. Nígbà tí àìsàn náà bá gbóná, oúnjẹ tó ní èèpo líle lè fi kún ìrora. Dókítà ni yóò sọ ohun tí aláìsàn yóò jẹ. Fún àwọn ọmọdé tó ní àrùn Crohn, àwọn dókítà máa ń fi oúnjẹ olómi àkànṣe nìkan bọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ó sì ń mú ìfun rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ ojú dókítà ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹ yéé ra kápúsù ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn kan nínú wọn ń pa kòkòrò rere inú ìfun. Àwọn oògùn ara ríro kan sì lè mú egbò ìfun le sí i.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ tàbí àgbà, ẹ tètè dá omi padà sí i lára. Ẹ bu omi mímọ́ lítà 1. Ẹ fi ṣúgà ṣíbí kékeré 6 sí i, kí orí ṣíbí tẹ́jú. Ẹ fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré sí i. Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù ṣúgà yìí. Òun ló ń ran iyọ̀ àti omi lọ́wọ́ láti wọ ara.

Ó wá ku obìnrin wa. Kí ó dìde lónìí, kí ó lọ sí ilé ìtọ́jú. Kí ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà tó ń yàgbẹ́, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà, àgbo àti oògùn tó ti lò. Wọn yóò yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ fún kòkòrò àrùn tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá, kí ó padà lọ. Wọ́n lè fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí dókítà yóò ti wo inú ìfun rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe bínú bí ìyàwó yín bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún yín. Ẹ bá a wá owó ọkọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin náà, bí ó bá ṣe yín, ẹ sọ. Àwọn àgbà ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Ìtìjú kò mọ ìtọ́jú.

Ẹ jẹun dáadáa, ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ má fi àìsàn pa mọ́. Ó dìgbà o.