Ẹ Má Ju Kálàmù Sílẹ̀

 

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ni mo ń bá wí lónìí. Ẹ kọ ojú ewé kan lálẹ́, ó dùn mọ́ yín. Ilẹ̀ mọ́, ẹ tún un kà, ojú tì yín, ẹ fẹ́ fà á ya.

Ẹ jẹ́ ká rántí Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta. Ìwé tó kà kò pọ̀; iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó. Bọ́wọ́ bá dilẹ̀, á fa bébà jáde, á máa kọ ìtàn ọ̀mùtí tó ń wá adẹ́mu rẹ̀ tó ti kú. Wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952. Àwọn òyìnbó kan yìn ín, ṣùgbọ́n nílé, àwọn ọ̀mọ̀wé kan bẹnu àtẹ́ lu Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa gúnni lọ́kàn. Síbẹ̀, ìwé rẹ̀ mìíràn jáde lọ́dún 1954. Òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì sọ ìtàn ọ̀mùtí náà di eré orí ìtàgé.

Kí àyà máa já yín kò sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ gba àtúnṣe, ẹ fi èébú sílẹ̀. Bí ìjáyà náà bá wúwo jù, ẹ má dá a rù: ẹ wá ẹni tí kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí i létí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìlà kan, ó kéré tan, kílẹ̀ òní tó ṣú.