Ìyá Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ sún mọ́ tòsí, nítorí iṣẹ́ wà fún yín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá ìyàwó mi ń ta gààrí àti èlùbọ́ ní ọjà kan láàárín Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Bí ẹ bá ra kóńgò mẹ́tàdínlógún lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó mú bírò jáde, ìyá ti sọ iye owó náà fún yín. Àwọn ọmọ rẹ̀ gba káàdì báńkì fún un, kí ó má baà máa dúró pẹ́ lórí ìlà mọ́. Ní ọjọ́ kan, ìyá mú káàdì lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí ń pọ owó. Ẹ̀rọ bi í léèrè ọ̀rọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí ìyá tó wo ọ̀tún, kí ó tó wo òsì, ẹ̀rọ ti pọ káàdì rẹ̀ jáde. Ó tún tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀rọ tún pọ̀ ọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí pòṣé, ojú sì ń ti ìyá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá fi ọ̀yàyà sún mọ́ ọn, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́. Kí ni nọ́mbà yín?" Ìyá sọ ọ́. Ọmọ náà gba owó fún un, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àṣé káàdì tí ó dá padà kì í ṣe ti ìyá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó tí ìyá fẹ́ fi ra ẹ̀gẹ́ ti lọ.

Nígbà tí ẹbí péjọ, gbogbo wọn ní àìmọ̀wé ìyá ló fa wàhálà. Èmi olùkọ́ ni mo dìde, mo ní rárá. Olè jẹ̀bi, kò sí iyèméjì. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún olè?

Ẹ jẹ́ kí a dé Ìsàn, tí kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò. Ìdí ìkòkò wa ṣe róbótó. Àlejò lè ní kò dúró dáadáa lórí tábìlì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ́n kò ro ti tábìlì. Òṣùká ló ń rò, àti ààrò mẹ́ta, níbi tí iná yóò ti yí ìdí ìkòkò ká. Amọ̀ ìkòkò omi ní ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí. Omi ń yọ́ jáde níbẹ̀, atẹ́gùn ń gbé e lọ, èyí tó kù nínú sì ń tutù. Bí ẹnu ìkòkò bá há jù fún igbá, oníbàárà yóò sọ ọ́ ní ojúkojú ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀. Amọ̀kòkò kò sì jẹ́ dá a lóhùn pé, "Ìwọ ni o kò mọ bí a ti ń bu omi."

Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ẹ̀rọ báńkì kò sí ní ọjà wa. Kò rí ojú ìyá nígbà tó ń ṣe é, ìyá náà kò sì mọ ibi tí yóò ti rí i bá wí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn aṣẹ̀rọ kò lè gbọ́ràn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1967, báńkì Barclays ṣí ẹ̀rọ kan tí ń pọ owó ní Enfield, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé. John Shepherd-Barron ni ó darí iṣẹ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn lẹ́yìn náà pé nọ́mbà mẹ́fà ni òun kọ́kọ́ fẹ́ kí oníbàárà máa há sórí. Ó bi Caroline ìyàwó rẹ̀ léèrè nídìí tábìlì ilé ìdáná. Ìyàwó ní mẹ́rin ni òun lè rántí, ọkọ sì sọ ọ́ di mẹ́rin. Mẹ́rin náà ni a ń tẹ̀ ní Ìdó àti Ìkọ̀lé lónìí. Obìnrin kan sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná, ayé sì gbọ́. Ìyá ìyàwó mi náà ní ilé ìdáná. Ta ló lọ bi í?

Ẹ tún wo ẹ̀rọ POS tó ní bọ́tìnì. Pupa ni a fi ń fagi lé ohun tí a ń ṣe, yẹ́lò ni a fi ń pa àṣìtẹ̀ rẹ́, àwọ̀ ewé ni a fi ń sọ pé ó tọ́. Ẹ fi ìka pa bọ́tìnì 5, ẹ ó bá ohun kékeré kan tó yọ sókè níbẹ̀. Nítorí àwọn tí kò ríran ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, kí ìka wọn lè mọ ọ̀nà. Ẹni tó rò báyìí rò dáadáa. Ohun tó kù ni kí gbogbo ẹ̀rọ tí a bá gbé wá sí ilẹ̀ wa máa gbọ́ èdè wa, kí wọ́n sì fara balẹ̀ fún àgbà. Ẹ̀rọ tó mọ owó kà, ó yẹ kó mọ sùúrù. Ẹni tí ẹ̀rọ kò bá gbọ́ èdè rẹ̀, àṣírí rẹ̀ ni yóò fi ra ìrànlọ́wọ́.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ má sọ nọ́mbà yín fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ̀rọ bá yọ yín lẹ́nu, ẹ wọlé tọ òṣìṣẹ́ báńkì lọ, ẹ má sì jẹ́ kí òṣé àwọn ará ẹ̀yìn lé yín.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ gbé ohun èlò kan fún ìyá yín àgbà, kí ẹ ní kí ó lò ó. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má pòṣé. Ẹ kàn máa wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró. Ibẹ̀ ni àtúnṣe wà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹ̀yin ni ẹ óò ṣe ẹ̀rọ ọ̀la.

Nígbà tí Rediffusion dé Ìbàdàn ní 1939, àwọn baba wa sọ àpótí rẹ̀ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. A kò bá a wí, nítorí orin àti ìròyìn ló ń mú wá. Ṣùgbọ́n ohun tí owó ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì.

Ó dìgbà kan ná o. Ire kárí.